Ẹ Dá Orúkọ Welsh Padà Sábẹ́ Àwòrán Àwọn Ẹyẹ Òkun

Marlborough,
Calgary, Alberta.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1986.

Alága Ìgbìmọ̀,
Ilé Àwòrán Ẹyẹ,
Cochrane, Alberta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ NÍTORÍ ORÚKỌ TÍ Ẹ YỌ LÁBẸ́ ÀWÒRÁN, ÀTI NÍTORÍ CAROLINE

Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá. Ẹ̀yin lẹ gba àwòrán ẹyẹ òkun tí Màmá Eluned Pritchard fọwọ́ ara wọn yà, tí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri yín lọ́fẹ̀ẹ́. Yàrá abẹ́ ilé (basement) Màmá yìí ni mo dé sí nígbà tí mo wá kàwé láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù òtútù ọkọ wọn tó ti kú, wọ́n sì ń pè mí ní ọmọ. Mo ti di ẹnjiníà báyìí, n kò tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà òtútù tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ ló lọ. Èdè Welsh tí wọ́n fi dàgbà létí òkun nìkan ló kù, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa. Wọ́n bá dákẹ́. Àfi tí mo bá gbé wọn wá sọ́dọ̀ yín ní Sátidé: wọ́n á ka orúkọ Welsh àwọn ẹyẹ náà lábẹ́ àwòrán sókè, gwylan, hugan, mulfran. Èmi náà á pè é tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un pè fún mi. Ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ń bára wa sọ nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, ẹ fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ti Welsh. Mo gbọ́ pé àwọn àlejò ló ń ráhùn pé àwọn kò lè kà á, ìyẹn sì yé mi. Ṣùgbọ́n Màmá wo ògiri títí, wọn kò lè pe ọ̀kankan. Wọ́n sunkún.

Caroline, òṣìṣẹ́ yín tó wà lẹ́nu ọ̀nà, rí wọn. Ó béèrè orúkọ Welsh kan lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sórí páálí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹyẹ kékeré tí àgógó rẹ̀ pupa. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ka orúkọ ẹyẹ náà sókè, "Pâl."

Nítorí páálí yẹn ni ẹ ṣe dá Caroline dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ pè é padà. Gẹ̀ẹ́sì lè wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Welsh wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́. Dókítà ní ọkàn Màmá kò lágbára mọ́, n kò sì mọ iye Sátidé tó kù fún wa.

Ẹ ṣeun fún ògiri yín, ẹ sì ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,
Adégbénga Bámgbóyè
(Ẹnjiníà)