Ọgbà Tí Mo Da Sìmẹ́ńtì Lé

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ lọ, n kò sì tíì kọ nǹkan kan sí yín. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ rántí Sátidé yẹn nílé mi ní Àkúrẹ́? Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ dé láti Oǹdó, tẹ̀tẹ̀ tí ẹ já láàárọ̀, ìrì ò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ẹ ò tilẹ̀ jókòó, ilé ìdáná ni ẹ gbà lọ. Nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì mi dé, òórùn irú ti gba gbogbo pálọ̀. Ojú tì mí. Mo ní, "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ wá se koríko fún àlejò mi?" Mo da ọbẹ̀ náà sí gọ́tà lójú yín, mo ní kí wọ́n lọ ra ìrẹsì inú ike wá. Ẹ fọ ìkòkò, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ wọ bàtà yín. Kí ló dé tí ẹ ò bú mi?

Ẹ ò wá mọ́. Kò pé oṣù méjì tí rọpárọsẹ̀ fi gbé yín ṣubú láàárín ebè ilá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ẹ ò rí. Kí àga àwọn tó wá sìnkú yín lè ráyè, mo ní kí wọ́n hú gbogbo ọgbà ẹ̀yìnkùlé yín, kí wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e. Ilá tó ń so lọ́wọ́ ni wọ́n hú. Oúnjẹ inú ike náà la sì pín.

Ní báyìí, owó oṣù wa kì í jáde. Núdù inú ọ̀rá tí ọmọ mi obìnrin fi dàgbà ti kọjá agbára mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, bóyá n ó rí nǹkan já. Ewúro kan ṣoṣo ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo já a tán. N kò mọ bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́ tí kì í fi í korò. Ẹ fẹ́ kọ́ mi rí, mo ní kò wúlò. Nígbà tí mo padà délé, mo kàn sè é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Mọ́mì, ó korò. Mi ò jẹ." Mo gbá a létí. Mo dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, tomijé tikun imú.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọ ilé ìdáná, ńṣe ló ń sá jáde. Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ ọdún méje?

Mo fẹ́ràn yín, bí n ò tilẹ̀ fi hàn.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí ẹ ò bú.