Bátìrì Òpó Tó Ń Tanná ní Pálọ̀ Wa

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọ̀fọ̀ Bàbá, ẹ kú àmúmọ́ra. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Fìdítì. Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí ará Ìlọrà àti Akínmọ̀rìn náà lè kà á, torí kì í ṣe ilé wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà.

Òtútù Kánádà ò tíì lọ. Ilé àwọn arúgbó ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ẹlòmíràn ni mò ń wẹ̀, tí mò ń fún lóúnjẹ, èmi tí mi ò gbọ́ ohùn bàbá tó bí mi kí wọ́n tó lọ.

Bàbá ní kí n pe àwọn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn fẹ́ ṣàdúrà fún mi. Mo pè títí, kò wọlé. Mi ò mọ̀ pé àwọn olè ti tú bátìrì òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ilé wa lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá jáde láyé. Kí Múfú àbúrò mi tó gun ọ̀kadà dé Ìlọrà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kó tó rí mi pè, wọ́n ti kírun sí Bàbá lára, wọ́n ti sin wọ́n. Mo mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ìyẹn ò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n fóònù nìkan ni èmi ará ẹ̀yìn odi ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Múfú wá ń fi yangàn fún mi pé iná kì í lọ nílé wa mọ́. Ó ní òun ra bátìrì ńlá kan ní pọ́ọ́kú lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú Bàbá, kí fáànù lè máa fẹ́ sí wọn lára. Mo bi í níbi tó ti rí i. Ó ní ara òpó ni, pé ti kọ́ńpìnnì ni, kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ó ní nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ilé wa ni gbogbo àdúgbò ti ń wá ṣáàjì fóònù. Fóònù tí kò lè pe ẹnikẹ́ni! Ó rí mi lára, Ìyá mi. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà fún mégádì òpó. Ẹ má fi iná rẹ̀ ṣe fídáù.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé Bàbá gbé fóònù sétí láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń ṣàdúrà lọ, wọ́n rò pé mò ń gbọ́. Múfú ló jókòó tì wọ́n. Ẹ ní kó pè mí, kó tún àdúrà náà kà fún mi, kí n lè ṣe àmín.

Kí Ọlọ́hun fi Alijánnà kẹ́ Bàbá, kó fi àlùbáríkà sí ọjọ́ ayé yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́tà