Yíǹkì Aláwọ̀ Ewé ní Wọ́ọ̀dù Oakum

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹrin, 1961

Mo ti lẹ ìkéde náà mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tètè jí lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi dúró bi mí léèrè. “Ìtàn Ìdìbò Ìgbìmọ̀ Ìlú ní Wọ́ọ̀dù Oakum, láti ẹnu Ambrose Stather. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Karùn-ún, agogo mẹ́ta ọ̀sán.” Yíǹkì aláwọ̀ ewé ni mo fi kọ ọ́, bí mo ṣe ń kọ ohun gbogbo. N kì í fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan. Ohun tí a bá fi pẹ́ńsùlù kọ, ẹni tó bá wù ú lè pa á rẹ́, kí ó kọ tirẹ̀ sí i.

Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ hun àwọ̀n ìpẹja ní èbúté Hull, tó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà — òun ni yóò dìde níwájú gbogbo àdúgbò. Kí ni mo rò tí mo fi gbà?

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹrin

Èjìká wá. Clem Garton ni, ará iwájú ilé mi. Èjìká ni orúkọ tí mo fún un. Èjìká tó fi ń gbé àpótí ẹja ní èbúté ni ó fi ń gbé èédú mi wọlé láti ìgbà tí àyà mi kò ti lágbára mọ́. Ó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ lọ́dún yìí, lábẹ́ ẹgbẹ́ aláwọ̀ pupa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, garawa èédú mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá, ṣé kí n kà yín mọ́ tiwa?”

Ta ni yóò wo ojú ẹni tó gbé garawa rẹ̀ dání, kí ó sọ pé òun yóò rò ó wò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi àmì sí orúkọ mi lórí káàdì rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹrin

Mo ti ṣèlérí. Ó parí.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹrin

Kò parí.

Olùkọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé — Arábìnrin Verity Lamplugh, tí ilé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí tèmi. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Gbogbo ìwé tí mo fi kọ ìtàn yìí, láti orí pẹpẹ ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Òun ni ẹgbẹ́ aláwọ̀ búlúù fà kalẹ̀ láti bá Èjìká díje. Mi ò mọ̀! Mo ń ka ìdìbò ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, mi ò mọ ẹni tó ń díje lẹ́yìn ilé mi.

Ó ní òun kò fẹ́ fi ìwé tí òun yá mi ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí n kàn sọ òótọ́ ọkàn mi. Ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti ọmọdé. Mo ní mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní iwájú ilé, mo ṣèlérí fún ọ̀kan. Ní ẹ̀yìn ilé, mo ṣèlérí fún èkejì. Kò sí ohun tó wà láàárín wọn ju ilé ìdáná mi lọ, àti èmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Karùn-ún

Mo tún ojú ewé ti ọdún 1868 kọ. Nígbà náà, kò tíì sí ìbò ìkọ̀kọ̀; olùdìbò a máa buwọ́ lu ìwé ìdìbò rẹ̀, gbogbo ayé a sì mọ̀ ọ́n. Jabez Thirsk, ẹni tó ń hun okùn tà ní wọ́ọ̀dù yìí, ṣèlérí fún ìhà méjèèjì. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ara òun kò yá. Ìhà méjèèjì wá gbé e tòun ti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan di ibi orí mú, àwọn kan di ibi ẹsẹ̀ mú, wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú títì títí bẹ́ẹ̀dì fi kán. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó ra okùn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ sọdá odò Humber, kò padà mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìtàn yìí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lónìí, mo ń rò bóyá kí n fò ó.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ ra ẹja díndín lọ́wọ́ Afẹ́fẹ́. (Effie Sugden. Ohun tó bá wọ etí rẹ̀ lówùúrọ̀, ó ti dé òdìkejì ìlú kí ó tó di ọ̀sán.) Ó bi mí lójú gbogbo èrò pé ta ni n ó dìbò fún. Mo ní àṣírí ni.

“Àṣírí? Bàbá Stather, gbogbo ohun tí ọkọ mi pè ní àṣírí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá ní nọ́ńbà wà lẹ́yìn ìwé ìdìbò kọ̀ọ̀kan, pé irú nọ́ńbà kan náà wà lára abala ìwé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ akọ̀wé nígbà tí wọ́n ya á kúrò, pé wọ́n lè tọpa ẹnikẹ́ni tó bá wù wọ́n. Èyí tó burú jù ni pé òótọ́ ni. Mo ti kà á. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n tú u wò — ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó ń lọ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀?

Ẹja náà tutù sínú bébà. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Karùn-ún

Bí mi ò bá lọ dìbò, àwọn tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò láti kọ nọ́ńbà àwọn olùdìbò yóò mọ̀. Bí mo bá lọ, mo ti di onírọ́ fún ẹnì kan.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Karùn-ún

Mo ti dìbò.

Obìnrin onírìbọ́ọ̀nù pupa àti ọkùnrin onírìbọ́ọ̀nù búlúù jọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gba nọ́ńbà mi. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ìkọ̀ọ̀kan wọn gbà pé tiwọn ni mí.

Mo wọ inú igun onípákó tí a ti ń dìbò. Pẹ́ńsùlù kúkurú kan wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀. Pẹ́ńsùlù! Mo yọ kálàmù tèmi lápò. Mo dúró pẹ́. Akọ̀wé kan húkọ́. Mo fa àmì sí iwájú Garton — ọwọ́ mi kò sì dúró. Mo fa òmíràn sí iwájú Lamplugh.

Mo ti mú ìlérí méjèèjì ṣẹ. Kò sí ẹni tó lè pè mí ní onírọ́. Mo jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ọ̀rá màlúù, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Karùn-ún

Ọlọ́run gbà mí.

Èjìká gbé èédú wá lówùúrọ̀. Wọ́n ta ọ̀mì. Wọ́n ka ìbò náà, wọ́n tún un kà, iye kan náà ni. Ìwé kan ṣoṣo ló bàjẹ́, àwọn méjèèjì ni ẹni náà dìbò fún. Olórí òṣìṣẹ́ ìdìbò gbé e sójú Èjìká àti Olùkọ́ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣẹ́ kèké: wọ́n kọ orúkọ méjèèjì, wọ́n jù ú sínú fìlà, wọ́n fa ọ̀kan yọ. Olùkọ́ ló wọlé.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ìwé tó bàjẹ́ han àwọn olùdíje. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, mi ò ka ìyẹn.

“Ìwé kan péré, Bàbá. Ká ní ẹni náà mú ọ̀kan nínú wa ni, èyí tó wù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.”

Ó lọ fọ ọwọ́. Ìtàn mi wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, ewé lẹ́yìn ewé, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó dúró, ó wò ó. Ó pẹ́ kí ó tó nu ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó ní kí n má jẹ́ kí iná kú, ó sì jáde.

Ọ̀sán. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ ti gbọ́, ẹnì kan tó wà níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò ló sọ fún un. Ó ń sọ ọ́ lójú títì pé yíǹkì aláwọ̀ ewé ni ẹni náà lò, pé òun yóò wá a rí, pé òun sì rí irú àwọ̀ yẹn níbì kan láìpẹ́ yìí.

Ìkéde mi! Mo lọ síbẹ̀ láti já a. Èrò wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọjá, mo padà, mo tún kọjá. Bí wọ́n bá rí mi tí mò ń já a, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo padà sílé. Ọ̀la, Afẹ́fẹ́ ni yóò ṣí gbọ̀ngán láti se tíì.

Mo ń ronú nípa Jabez Thirsk. Mo ní ìbátan kan ní òdìkejì odò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Karùn-ún

Mo rìn lọ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ẹjọ́. Afẹ́fẹ́ dúró níwájú ìkéde, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkéde náà kì í ṣe tèmi mọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni, lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà bí irú èyí tí wọ́n ń fi ẹfun kọ sára àpótí ẹja ní èbúté.

“Mo lè búra,” ni Afẹ́fẹ́ wí, “mo lè búra pé aláwọ̀ ewé ni nǹkan yìí.”

Èjìká ń gbé bẹ́ǹṣì wọlé lẹ́yìn rẹ̀. “Màmá Effie, èéfín òróró yín ti wọ̀ yín lójú.” Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Olùkọ́ gba ìwé mi lọ́wọ́ mi kí n tó dé iwájú. Ó kó o sínú èèpo ìwé orin ńlá kan, ó ní kí atẹ́gùn má baà tú u ká. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́.

Mo kà á. Mo dé ojú ewé 1868, mo wo ẹnu ọ̀nà, mo sì kà á láìfo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì kán, gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ béèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà. Mo ní ó sá lọ.

Èjìká dáhùn láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò le: “Kò yẹ kó lọ. Bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kán.”

Mo ti délé. Garawa èédú kún. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ti òní.