Ibi tí Bàbá ń da omi bátìrì sí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti ń sá fún lẹ́tà yìí. Wọ́n yẹ ilẹ̀ oko àdúgbò wa wò, májèlé òjé ló wà nínú rẹ̀.

Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màámi le. Ọmọ mi ti ń rìn. Ẹ̀fọ́ oko yẹn ni mo fi ń bọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ń retí èsì.

Mo ń fa gbogbo ẹ̀fọ́ náà tu. Àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ iṣẹ́ oko bi mí pé, "Àǹtí Ẹlẹ́fọ̀ọ́, kí ni ẹ̀fọ́ ṣe yín?" Mo kàn ń fà á tu lọ. Ẹkún gan-an ò wá.

Òjé wà nínú bátìrì mọ́tò, ẹ̀yin lẹ sì máa ń bá Bàbá tún un ṣe lórí ilẹ̀ yẹn kó tó di oko. Apá ibo ló ń da omi rẹ̀ sí? Bóyá apá kejì ṣì mọ́.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Àbúrò yín