Wákàtí Mẹ́rìndínlógún sí Ìwó

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025
Ohun tó bàjẹ́: Màámi ṣubú ní bálùwẹ̀ nílé, ní Ìwó. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan. Eegun ìbàdí fọ́. Wọn ò jẹun dáadáa láti ìgbà náà.
Àwọn tó mọ̀: Kàbírù, àbúrò mi. Aunty Sìdíkàt ní Deptford, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àbúrò Màámi. Àmírà, ọmọ tí mo fi inú mi bí — “Uncle ní kí n má sọ, you'll just stress.”
Ẹni tí kò mọ̀: èmi. Èmi tí mo ń darí ọkọ̀ ẹrù mọ́kànlélógún lójúmọ́, tí mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìṣirò. Heathrow sí Èkó, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà. Gbéra ní mọ́kànlá àárọ̀, balẹ̀ ní mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wákàtí méje ààbọ̀ — rárá, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú wa báyìí. Mẹ́fà ààbọ̀ ni. Peckham sí Heathrow àti ìdúró: mẹ́rin ààbọ̀. Èkó dé ẹnu ọ̀nà Màámi: márùn-ún. Àpapọ̀: mẹ́rìndínlógún.
Mùsùlùmí ni wá. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, wọ́n á ti sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́. Báàlúù kankan ò lè bá a. Àfi kí n tètè lọ.
Ọ̀gá Fara-balẹ̀ (Kàbírù) ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. “Ara wọn ti ń yá, Aunty mi. Ẹ jẹ́ kó di Disẹ́ḿbà.”

Ọjọ́rú, 5
Mo gbọ́ ohùn Màámi. Tín-ín-rín. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo pè lẹ́ẹ̀mẹfà. Kàbírù ní, “Wọ́n ń sùn.”

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Wọ́n ṣì ń sùn?
Kàbírù yí ohùn padà: kí n máa bọ̀ nílé. Ṣé nǹkan ṣe wọ́n ni? Kò sí nǹkan. Kí n ṣá máa bọ̀. Ta ló ń ṣe irú ètò yìí?
Aunty Sìdíkàt dé láìpè, àwọn àti Aishah ọ̀rẹ́ wọn, pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín. Wọn ò bọ́ kóòtù. Ojú Aunty pọ́n; wọ́n ní òtútù ni. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. “Ṣé èèyàn ò lè wá kí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ́ ni?” Aishah ní kápẹ́ẹ̀tì mi dáa. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo bi Kàbírù: báàlúù Ọjọ́ Ajé ni kí n wọ̀, àbí ti Ẹtì, tó dínwó? Ó ní ti Ẹtì ti pẹ́ jù. “Ẹ ṣá dé kó tó di Ọjọ́bọ̀.”
Kí ló wà ní Ọjọ́bọ̀?
Mo fi ìka kà á sẹ́yìn. Mo tún un kà. Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹjọ la máa ń ṣe fídáù òkú.
Àbí dókítà ló fẹ́ wò wọ́n lọ́jọ́ náà? Ó lè jẹ́ dókítà. Mi ò mọ̀.
Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i nìyí: Kàbírù, gbé fóònù síwájú Màámi kí n rí ojú wọn. Tí kò bá ṣeé ṣe, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. Bó ṣe wù kó jẹ́, mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó fún wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lójú òfurufú láìmọ̀ bóyá mo ń lọ tọ́jú ìyá mi ni àbí mo ń lọ ṣàdúrà fún wọn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, aago Lọ́ńdọ̀nù. Kó má kọjá bẹ́ẹ̀.