Imú Ọkọ Mi Ni Mo Fi Ń Yan Wáìnì

Èmi ni mo dá ọtí padà sí ọkọ mi lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, torí tí mo bá gba ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, mo mọ ara mi, màá kàn máa yí i po ni... Admin, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, àwọn ará ìjọ wa wà lórí péèjì yìí. Ọjọ́ kẹtàlá rèé tí oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi.

Bariga là ń gbé, ní ìhà Pedro. A bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Ìrètí, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń gé pépà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, bàbá rẹ̀ ń dá ògùrọ̀ létí omi lọ́hùn-ún, àtikékeré ló ti ń bá a lọ sídìí igi. Kò ní tíì fẹnu kàn án, tó bá ti gbọ́ òórùn ògùrọ̀ báyìí, á sọ fún ẹ bóyá ti àárọ̀ ni àbí ti àná. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọtí ti mú un. Nígbà tí mo fi máa wọlé ọkọ, ó ti ń mu ún bí ẹni mu omi. Mi ò fẹ́ ka gbogbo ohun tójú mi rí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí Ìrètí wà lọ́mọ ọdún méjì, ọkọ mi mutí yó, ó ṣubú sínú gọ́tà lọ́jọ́ òjò, bí kì í bá ṣe Sọ́ńdè tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó wọ́ ọ jáde, opó ni ǹ bá jẹ́ lónìí. Sọ́ńdè náà ń mu nígbà yẹn. Ọjọ́ yẹn làwọn méjèèjì jọ búra pé ó tán. Ọdún mẹ́fà gbáko, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọdún mẹ́fà! Tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, Sọ́ńdè á bá a rìn kọjá gbogbo ilé ọtí ojú ọ̀nà, á sìn ín dé ẹnu géètì wa, lẹ́yìn náà ló máa tó yí padà lọ sílé tiẹ̀ ní ìhà Igbóbì. Òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o. Mi ò rí ọmọ ìyá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìyá.

Iṣẹ́ tèmi ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù wáìnì ni, ní Palmgrove. Ife ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀, kí madam wa tó ṣàkíyèsí pé imú mi mọ nǹkan. A ní kíláàbù kan, àwọn tó forúkọ sílẹ̀, ìgò mẹ́ta là ń fi ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, natural wine sì ni gbogbo ẹ̀. Wáìnì tí wọn ò fi kẹ́míkà sí ni, omi èso àjàrà tí wọ́n fi sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ kan, bí ẹmu ṣe ń fúnra rẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dúró sójú kan. Ìgò á dáa lójú, tí ẹ bá ṣí i, á máa rùn bí ibi tí eku tọ̀ sí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, kó tọ́ ọ wò, kó yan èyí tó dáa, kó sì kọ ìwé kékeré tó ń bá ìgò lọ, pé báyìí báyìí ló ṣe rí lẹ́nu. Èmi ni ẹni yẹn. Èmi tí mi ò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí lára mi tí mo bá rí i tí àwọn ènìyàn ńlá ń ka ohun tí mo kọ.

Àfi bí ọ̀fìnkìn kan ṣe kì mí mọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá... nígbà tó máa lọ, ó mú imú mi dání lọ. Mo dín ẹja títí ó fi jóná, Ìrètí ló sáré wọlé tó ń pè mí, mo dúró lórí ẹ̀ mi ò gbọ́ òórùn nǹkan kan. Mo rò pé á padà. Kò padà. Mi ò lè sọ fún madam, kí ni mo fẹ́ sọ, pé ẹni tó ń yan wáìnì ò gbóòórùn mọ́? Oṣù àkọ́kọ́, mo méfò, ènìyàn méjì dá ìgò tiwọn padà. Madam kàn wò mí. Wíwò yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Bí mo ṣe rọ díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò kéékèèké nìyẹn, tí mo gbé e wálé. Mo ní kí ọkọ mi bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀ lásán ni. Ó bi mí pé, “Ìyá Ìrètí, ṣé ó dá ẹ lójú pé òórùn nìkan ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n. Á di ojú, á ní èyí ń rùn bí iyanrìn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, èyí dà bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n tán, èyí ti bàjẹ́, má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Èmi á máa kọ ọ́. Àwọn ará kíláàbù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé ta ló ń yan nǹkan yìí, madam ń yìn mí lójú gbogbo ènìyàn. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé inú wa dùn. A kì í jókòó pọ̀ báyẹn tẹ́lẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́, èmi á lọ, a kàn ń bára wa nílé bí ayálégbé méjì. Ìgò kéékèèké yẹn ló bá wa tún un ṣe. Ṣé ẹ rí i?

Ní oṣù kẹta tí a ti ń ṣe é, ó dé orí wáìnì pupa kan, ó ní òórùn nìkan ò lè sọ ti ìyẹn, kí òun fi kan ahọ́n, òun á tu ú dànù. Mo mọ̀. Mo mọ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Èmi ni mo na ife sí i. Kò tu ú dànù. Mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ tó tún gòkè, mo sì wo ìwé tó wà níwájú mi, mo ń kọ̀wé lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá gbé ìgò sílẹ̀, á ti dín kí n tó padà sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá TomTom tọ̀sán-tòru kí òórùn ọtí má baà hàn lẹ́nu rẹ̀. Imú tó yẹ kó tú àṣírí rẹ̀ fún mi ti kú, àmọ́ ojú mi ò kú. Mi ò sọ̀rọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń rò, ìgò mẹ́ta mìíràn. Títí di àárọ̀ Tuesday kan tí wọ́n pè mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹ̀rọ ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àpótí àwọn ará kíláàbù ni mò ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ìpè yẹn wọlé.

Àwọn tó gbé e lọ sílé ìwòsàn sọ pé ó ń rùn fún ọtí. Ìyá rẹ̀ dé láti ìlú, wọ́n ní ta ló fún ọmọ àwọn lọ́tí, ojú wọn sì bọ́ sára Sọ́ńdè. Ta ni wọ́n tún fẹ́ fura sí? Wọ́n sọ ọ́ sí i lójú níwájú gbogbo ènìyàn, pé ọ̀rẹ́ burúkú ni, pé ó fi ọmọ àwọn ṣe ẹlẹgbẹ́ ọtí. Sọ́ńdè tí kò fẹnu kan án láti ọdún mẹ́fà. Níbi iṣẹ́, wọn ò kí i mọ́, ọ̀gá ní kó lọ jókòó sílé ná. Ó wá bá mi lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ó ní, “Ìyá Ìrètí, mi ò bínú sí Màmá. Ẹ ṣáà sọ fún mi, níbo ni bọ̀dá mi ti ń rí i mu? Ojoojúmọ́ ni mò ń sìn wọ́n délé.”

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó mi orí. Ó ní á jẹ́ pé òun lòun ò mójú tó o dáadáa, kí n máa bínú sí òun. Èmi ló ń bẹ̀ o! Èmi...

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ sọ òótọ́. Ó ní rárá, ó ní òun lòun gbé e mì, kì í ṣe èmi, pé tí ìyá òun bá fi lè gbọ́, wọ́n á mú Ìrètí lọ, wọn ò sì ní wo ojú mi mọ́ láyé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Màmá yìí ló ń se ọbẹ̀ fún mi, wọ́n ń pè mí ní ìyàwó tó mọ ìyà jẹ, wọ́n ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ pé lọ́jọ́ Ìsinmi kí n jáde síwájú kí wọ́n gbàdúrà fún mi, kí àwọn ìyàwó ilé fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Sọ́ńdè sì ti ń di ẹrù, ó fẹ́ padà sílùú wọn, ó ní ojú ń ti òun láti máa rìn ní Ṣómólú.

Madam ò tíì mọ nǹkan kan. Wọ́n ti kó wáìnì tuntun dé. Lánàá, ọkọ mi kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé wà lórí àyà rẹ̀, ó rọra bi mí pé kí ni wọ́n gbé dé lóṣù yìí. Mi ò mọ̀ bóyá torí tèmi ló ṣe béèrè ni, àbí torí ọtí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gbọ́rọ̀ sí ọkọ mi lẹ́nu, kí n pa ilé mi mọ́, kí n jẹ́ kí Sọ́ńdè ru ohun tí kò jẹ lọ? Ṣé Màmá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí Sọ́ńdè? Tí wọ́n bá mú ọmọ mi lọ ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, mo ti gbà, àmọ́ kó sọ ohun tí màá ṣe kún un. Friday ni Sọ́ńdè ń lọ.