Ilé Tí Wọn Kò Tíì Kọ́ ní Pápá Àríyá: Ìwé Ìhágún Geesje Roskam

Èmi, Geesje Roskam, ọmọ bíbí ìlú Oudezijl ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ìyàwó tuntun, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Àyà mi ni dókítà ní kò dá ṣáṣá, wọn yóò sì là á ní Ọjọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Kò sí ẹni tó fipá mú mi kọ̀wé. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń sáré, ẹ foríjì mí. Ayọ̀ ni, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀.

1. Mo yan Dirkje Bolhuis, tó ni àgọ́ ìbọn ìṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Pápá Àríyá níbi tí àwa ará àríyá ń gbé, tí a sì ń ṣòwò eré, láti ṣe alábòójútó ogún mi.

Dirkje, ariwo rẹ pọ̀, ṣùgbọ́n o kì í purọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ìwọ lo wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, tí o ní, "Geesje, o mà dà bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú epo o! O wú, o pọ́n, o sì ń dán!" Dúró dè mí, èsì rẹ ń bọ̀.

2. Ẹ̀rọ ẹṣin onígi wa tó ń yípo, tí àwọn ọmọdé ń gùn, àti gbogbo ẹṣin rẹ̀, dígí rẹ̀ àti dùùrù rẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Jorrit, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Bàbá mi àgbà ló gbẹ́ ẹṣin dúdú tó ṣáájú. Jorrit, má tà á fún ilé ọtí tí yóò gbé e kọ́ ara ògiri.

Gbogbo ará pápá ló mọ̀ pé àwọn ẹṣin wọ̀nyí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Wiebe Dijkhuis, tó ń dín àkàrà àlìkámà ní ọ̀kánkán wa. Èéfín epo rẹ̀ ń bà sí wọn lójú, àràárọ̀ ni mo ń fi ọṣẹ nù wọ́n, tí mo sì ń ṣépè. Mo wá yí ẹnu dùùrù sí àgọ́ rẹ̀, ariwo pọ̀ débi pé ẹni tó bá béèrè àkàrà mẹ́ta lè gba mẹ́jọ. Òun náà kò dákẹ́. Nígbà tí Jorrit wà lọ́mọdé, tó mú àkàrà kan láìsanwó, Wiebe gbé síbí ìdínkàrà lé e yí pápá ká, ó ń pariwo pé, "Ẹ wo àwọn Roskam! Ẹṣin igi nìkan ni wọ́n ń bọ́, wọn kì í bọ́ ọmọ!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Jorrit kò rẹ́rìn-ín. Kò sì tíì rẹ́rìn-ín di òní.

3. Bles, ẹṣin kékeré mi ẹlẹ́mìí, di ti Dirkje. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́. Ó ti gbé ọmọ tó.

4. Sípánà ńlá, òòlù àti fìtílà àgọ́ mi, kí Wiebe Dijkhuis, ọkọ mi, gbà wọ́n. Ọkọ mi! Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, kò sú mi: ọkọ mi.

Nígbà àríyá tó kẹ́yìn, òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà kankan. Wiebe gbé abọ́ àkàrà gbígbóná wá, ó gun ẹṣin dúdú, ó ní, "Yí i. Má dá a dúró àfi tí mo bá bẹ̀ ọ́." Mo yí i. Ọkùnrin yẹn kò bẹ̀ mí títí èmi fúnra mi fi dá a dúró. Ojú rẹ̀ funfun, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bì sẹ́yìn àgọ́ Dirkje, ó padà wá, ó ní kí n fẹ́ òun. Ta ni yóò kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

5. Ẹ̀tọ́ mi sí ilé tí wọn kò tíì kọ́, mo fi í sílẹ̀ fún Wiebe. Nǹkan tó ń gba oorun lójú mi nìyí.

Pápá Àríyá yóò di àdúgbò ilé gbígbé. Ìjọba ìlú ti ri igi àmì olórí pupa mọ́ ilẹ̀ níbi gbogbo. Wọ́n ní òpópónà wa yóò máa jẹ́ Òpópónà Ẹlẹ́ṣin, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹṣin kankan níbẹ̀. Òfin wọn ni pé ìdílé tí ilé onítáyà rẹ̀, irú èyí tí ọkọ̀ ń fà, bá wà lórí ààyè tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kà wá yóò gba ilé kan. Mo ní ààyè, Wiebe ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà àwa ará àríyá ni pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a ó so ilé onítáyà ọkọ mọ́ ti ìyàwó, a ó fà wọ́n yí pápá po, a ó sì gbé méjèèjì kalẹ̀ ní ààyè ìyàwó, kí ilẹ̀kùn kojú ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Inú wa dùn débi pé a gbàgbé ìjọba. Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ ìlú dé, kò bá nǹkan kan ní ààyè Wiebe àfi koríko tó ti pọ́n. Ó kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Dirkje sáré tẹ̀ lé e: "Ọ̀gá, ọkọ ìyàwó ló ni ibẹ̀! Àná ló kó kúrò!" Ó dáhùn pé, "Màmá, òní ni wọ́n ní kí n kà. Wọn ò ní kí n ka àná."

Ilé kan ló kù, lórúkọ Roskam. Bí mo bá kú kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, òfin ní ọmọ ni yóò gbà á, kì í ṣe ọkọ, àfi bí ọmọ bá fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Jorrit, mo mọ̀ pé yàrá kan lo háyà, mo sì mọ̀ pé ìwọ gan-an lò ń wa katapílà tó ń hú ilẹ̀ yìí. Ẹ̀tọ́ rẹ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ní iṣẹ́, o sì ní agbára. Wiebe ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, wọn yóò sì wọ́ ilé onítáyà rẹ̀ kúrò níhìn-ín bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ òkú màlúù.

O bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹni tó lé mi bí ajá lẹ fẹ́ kí n yọ̀ǹda ilé fún?" Mo ní ó ti tọrọ àforíjì. O ní, "Lọ́wọ́ yín ni, kì í ṣe lọ́wọ́ mi." Òótọ́ lo sọ. Mo sọ fún Wiebe. Lánàá ó wá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, o kò sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó padà sílé, ó ní, "Bó gbọ́, bí kò gbọ́, mo ti sọ ọ́. N ó tún lọ lọ́la."

6. Mi ò fi ẹṣin ra ìfọwọ́sí ọmọ mi. Bí Jorrit fọwọ́ sí i, bí kò fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ náà di tirẹ̀. Mo fẹ́ràn Jorrit kí n tó mọ ẹni tó ń jẹ́ Wiebe.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Oudezijl, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Dijkhuis ni mo fẹ́ kọ o, mo ti ń fi ìka dán an wò lára fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé orúkọ tuntun lè ba ilé jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Geesje Roskam

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Harm Stelling, tó ń tún táyà ṣe
Lubbigje Kramer, nọ́ọ̀sì

Ẹni tó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ilé náà:
Jorrit Roskam .................................

Dirkje, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ìlà pa ààyè tí Jorrit yóò fọwọ́ sí yìí. Ọjọ́bọ̀ kò tíì dé.